Ewúrẹ́ Méjìlá Akọni Láníhun

Ẹ ti fura, ẹ má wulẹ̀ díbọ́n: kì í ṣe òun ló gbá a. Ọkùnrin tí àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri gbọ̀ngàn ìlú ní Mọ́kọ́lá, tó di pádì mú bí ẹni di idà mú, tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé "Akọni Adékànmbí Láníhun, Ipele Keje, Ẹni Tó La Ọgbà Ẹ̀gún Já", kò mọ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ géèmù Ọgbà Ẹ̀gún, ká má tíì sọ èyí tí wọ́n ń gbà jáde. Gbogbo Ìbàdàn ló fura bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbogbo Ìbàdàn náà ló ní ohun tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura sí nípa tiwọn, nítorí náà wọ́n ń kí i, òun náà ń dá wọn lóhùn.

Ohun tí ẹ kò tíì mọ̀ ni bó ṣe jẹ́ pé, ní aago méjì ọ̀sán Ọjọ́rú kan, nínú Ilé Àkọsílẹ̀ Eré, níwájú bí ogójì ènìyàn, Akọni yìí kan náà ń làágùn lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, tó ń bẹ ewúrẹ́.

"Wọlé," ló ń wí. "Wọ inú ọkọ̀, jọ̀wọ́. Ìwọ ewúrẹ́ yìí, mo ní kí o wọlé!"

Ewúrẹ́ náà wò ó, ó wo odò, ó sì bẹ́ sínú odò.

Orí ògiri ni odò náà ti ń ṣàn, láti igun yàrá kan dé ìkejì, omi rẹ̀ búlúù bíi ti àwòrán inú ìwé ọmọdé. Ìletò ni wọ́n ń pe géèmù náà. Láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń gbá eré nítorí pé ó dùn, àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án ló ń wọ ibẹ̀ lọ gbin àgbàdo, kọ́ ilé, sin adìyẹ. Iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀ ni kíkó ewúrẹ́ méjìlá sọdá odò nínú ọkọ̀ kékeré kan kí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tó pé.

"Àtàǹpàkò òsì lẹ ó fi darí ọkọ̀, sà," ni Akọ̀wé Dúródọlá wí. Ọmọbìnrin tí kò ju ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ ni, báàjì ipele kẹfà ń tàn lọ́rùn rẹ̀, ó sì ti wà lórí ìdúró láti aago kan, nítorí pé Òfin Ipele, tó ń fi géèmù wọn ipò ènìyàn, kò gbà kí ti kẹfà jókòó níwájú ti keje.

"Ta ló bi ọ́?" ni Láníhun dá a lóhùn. "Pádì yín ló fúyẹ́. Ọwọ́ tí pádì àwọn akọni ti mọ́ lára, irú èyí kì í bá a lára mu."

"Òótọ́ ni, sà. Ti ọmọdé ni."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó yára sọ ọ́ di ikọ́.

Ìṣẹ́jú kẹsàn-án pé. Ògiri kọ ọ́ gàdàgbà: ÌGBÌYÀNJÚ KÌÍNÍ. EWÚRẸ́ TÓ SỌDÁ: KÒ SÍ.

"Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì, sà," ni akọ̀wé wí. "Tó bá di aago mẹ́rin, a óò pa ayé náà."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, pa, bí ẹni pa iná yàrá tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó gbé ayé géèmù kọ̀ọ̀kan dúró ń mu omi bí ẹṣin kó má baà gbóná, ìjọba sì ti ṣòfin pé ayé tó bá ti gbó, tí kò ní alábòójútó, kí wọ́n pa á, kí omi rẹ̀ lè kan ti tuntun. Ẹni ipele keje nìkan ló lè dìde pé òun fẹ́ ṣe alábòójútó. Kó tó di i, yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó le jù nínú ayé ọ̀hún lójú gbogbo ènìyàn. Pádì ìjẹ́rìí ni yóò fi ṣe é, pádì tó mọ ọwọ́ bí onígbàjámọ̀ ṣe mọ orí oníbàárà rẹ̀.

Nígbà tí Láníhun kéde pé òun fẹ́ gba Ìletò sílẹ̀, àwọn oníròyìn bi í pé kí ni irú ènìyàn bíi tirẹ̀ ń wá nínú oko ọmọdé. "Ogún àwọn baba wa ni," ló fèsì. "Bí àwa ò bá dáàbò bò ó, ta ni yóò dáàbò bò ó?" Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ó dùn ún kà.

"Mo fẹ́ sinmi díẹ̀," ló wí báyìí, ó dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. "Akọni náà a máa sinmi."

"Ìdajì wákàtí, sà."

Lórí àga gígùn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, obìnrin kan jókòó, ó ń jẹ gúgúrú. Sìdíkátù lorúkọ rẹ̀, aránṣọ ni, aṣọ ilé ìwé ló ń rán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ ló fi ń jẹun. Afọwọ́yáni ni. Láàárọ̀, yóò fi ọwọ́ rẹ̀ gbá eré ní orúkọ Akọni Láníhun. Tó bá di ọ̀sán, yóò gbá ti adájọ́ kan. Lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, ti ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá. Ọwọ́ àyálò ni wọ́n ń pè é, òfin kò sì fẹ́ ẹ. Ipele kejì ni Sìdíkátù fúnra rẹ̀ wà. Níbo ni yóò ti ráyè gbá tirẹ̀?

"Ẹ kú ewu odò, Akọni."

"Rọra sọ̀rọ̀! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ni?"

"Igbe ewúrẹ́ ti dé ibí. Kí ló kù tí wọn ò tíì gbọ́?"

Láníhun jókòó tì í, ohun tí kò ṣe rí ní gbangba. "Sìdí, kọ́ mi."

"Ní ìdajì wákàtí? Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbá a fún yín, ẹ ò bi mí léèrè bọ́tìnnì kan rí."

"Mo ní kí o kọ́ mi!"

Ó wo ojú rẹ̀, ó sì dẹ́kun ẹ̀rín. Ó fa àwo ọṣẹ kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó da ọṣẹ ibẹ̀ sínú ọ̀rá, ó mú ṣọ́ọ̀kì aránṣọ, ó ya bọ́tìnnì mẹ́fà sí àwo náà lára. Ó gbé e lé Akọni Ipele Keje lọ́wọ́.

"Ibí yìí lẹ ó tẹ̀ kí ewúrẹ́ wọlé. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ agogo ẹnu ọ̀nà o. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kó wò yín. Ewúrẹ́ Ìletò kì í wọ ọkọ̀ ẹni tó bá ń kánjú."

"Ta ló wá ṣe irú ewúrẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó mọ ewúrẹ́ ni. Àtàǹpàkò òsì, Bàbá. Òsì. Òsì yín dà?"

Wọ́n ṣe é títí. Àwọn tó ń kọjá rí Akọni tó ń tẹ àwo ọṣẹ, wọ́n yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí ọ̀wọ̀. Láàárín kan, Sìdíkátù sinmi ọwọ́ rẹ̀ lé orókùn.

"Kí lẹ tilẹ̀ fẹ́ fi Ìletò ṣe, Bàbá? Ẹ sọ fún mi. Ọgbà Ẹ̀gún ló ń gbé orúkọ yín. Tí wọ́n bá pa Ìletò lónìí, kí ló máa já bọ́ lára yín?"

Láníhun la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun rẹ̀, ó tilẹ̀ kan ẹ̀yìn eyín. Ó wá rántí pé aránṣọ ni, pé ipele kejì ni, pé èérún gúgúrú wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀.

"Kò kàn ọ́," ló wí. "Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí ọkọ̀ padà."

Ohun tí kò sọ nìyí. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Ìbíwùmí. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Ìbíwùmí mú ọkùnrin kan wálé, Jọláadé, tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, tí báàjì rẹ̀ jẹ́ ti ipele kìíní. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó dìde, ó ń retí kí wọ́n ní kó jókòó. Láníhun kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin kò gbà kí ti kìíní jókòó níwájú ti keje àfi tí ti keje bá fàyè gbà á, Láníhun sì ń ka ìwé ìròyìn. Wákàtí mẹ́ta ló fi kà á. Wákàtí mẹ́ta ni Jọláadé fi dúró láàárín pálọ̀, Ìbíwùmí náà sì dúró tì í, kò bá bàbá rẹ̀ jà, kò sunkún. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìkàwé," wọ́n sì lọ. Ìbíwùmí pa nọ́ńbà fóònù rẹ̀ dà. Láníhun ní ọ̀sẹ̀ kan kò ní kọjá kó tó padà.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Oṣù mẹ́fà kọjá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ló ṣí fèrèsé Ìletò sórí ògiri yàrá rẹ̀, fèrèsé tí wọ́n fi ń wo ayé géèmù láìgbá a, ó sì rí ilé tí Ìbíwùmí kọ́ sí etí odò nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án: ògiri rẹ̀ wọ́, òrùlé rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn, fìtílà kan sì wà lójú fèrèsé. Fìtílà náà ń tàn. Epo rẹ̀ kì í ju ọjọ́ kan lọ. Orúkọ méjì péré ló wà lára ilẹ̀kùn ilé náà, ti ọmọ àti ti bàbá, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè tàn án. Láníhun mọ̀ pé òun kọ́ ni òun tàn án.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń mu ògì rẹ̀ níwájú fèrèsé yẹn ní àràárọ̀. Yóò rí iná, yóò ní, "O jí ire bí, Ìbí?" Kì í pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà yóò wọ báàjì rẹ̀, yóò jáde lọ máa jẹ́ akọni. Nígbà tí ìwé dé pé wọ́n fẹ́ pa Ìletò, ó gbé ògì rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì, ó rí i pé ẹni tó bá di alábòójútó ayé kan láṣẹ láti ṣí àkọsílẹ̀ gbogbo àwọn tó ń wọ ibẹ̀, àti ìlú tí wọ́n ti ń wọ ibẹ̀. Ìlú! Tó bá ti mọ ìlú, yóò lọ. Ó ti mọ ohun tí yóò sọ. Ó ti ń kọ́ ọ sórí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ìgbìyànjú kejì yí ojú ènìyàn padà. Láníhun tẹ bọ́tìnnì, ó dúró. Ewúrẹ́ àkọ́kọ́ wò ó, ó wọ ọkọ̀. Ẹ̀kejì wọlé. Méjì, mẹ́rin, mẹ́fà ti sọdá. Ariwo ìyàlẹ́nu ń lọ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó kó ìkẹjọ gúnlẹ̀, ẹnì kan pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù tẹ̀ lé e, ẹnì kan sì kígbe pé, "Akọni tòótọ́!"

Ṣé ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn tó? Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ohun tó wà ní ọwọ́ rẹ̀ bá ohun tó wà lẹ́nu wọn mu. Ọkọ̀ wà láàárín odò, ewúrẹ́ mẹ́rin tó kù wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ ṣì kù. Láníhun rọra yí ọrùn rẹ̀ sẹ́yìn, díẹ̀ báyìí, láti wo àwọn tó ń wò ó.

Ọkọ̀ dojú dé.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló burú jù. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú ogún. Pádì ìjẹ́rìí kọ ọ́ sójú ògiri: ỌWỌ́ YÌÍ KÒ BALẸ̀.

"Akọ̀wé," ló pè é, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Sún mọ́ mi. Ó ní ohun kan nínú òfin... tí wọ́n ń pè ní ìjẹ́wọ́."

Dúródọlá sún mọ́ ọn. "Ó wà, sà. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ pé ọwọ́ àyálò ni òun ń lò, ọwọ́ náà lè parí ohun tó bá ń lọ lọ́jọ́ yẹn fún un."

"Wọ́n á mú ẹni tó yá a lọ́wọ́?"

"Wọn ò ní mú un, sà. Tí wọ́n bá ń mú wọn, ta ni yóò kù láti gbá eré fún àwọn aṣòfin?" Ó sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín. "Ẹni tó jẹ́wọ́ ló máa lọ sí ipele òdo. Títí ayé."

"Òdo kò lè ṣe alábòójútó."

"Orúkọ ló ń ṣe alábòójútó, sà. Orúkọ yín ló la Ọgbà Ẹ̀gún já, ipele keje ni yóò sì máa wà nínú àkọsílẹ̀. Orúkọ yín ò ṣẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀."

Láníhun ro ilé orí òkè tí wọ́n fún un nítorí ipele, àga iwájú ní gbogbo ibi tí àga bá wà, àwòrán ara ògiri Mọ́kọ́lá tí wọn yóò fi ọ̀dà kùn. Ó ro àwọn àgbà ọkùnrin tó ti mú kí wọ́n dìde fún òun. Wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà ó ro ẹnu fèrèsé kékeré kan, bó ṣe máa rí ní aago mẹ́rin, nígbà tí odò bá dúró, tí ilé bá parẹ́, tí ọmọ rẹ̀ yóò sì wá láàárọ̀ ọ̀la láti tan iná, tí kò ní bá ilẹ̀kùn. Kí ló máa rò? Yóò rò pé bàbá rẹ̀ mọ̀, tó sì jókòó tó ń ka ìwé ìròyìn.

Ó dìde. Ó wú ikọ́ bó ṣe máa ń wú u ní ilé ìwé tí wọ́n bá pè é wá sọ̀rọ̀ lórí ìfaradà.

"Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ̀yin ọmọ akin. Nínú ìrìnàjò ẹ̀dá láyé yìí, ó ní ìgbà tí..."

"Ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, sà," ni akọ̀wé wí. "Ẹ̀rọ kì í gba àsọyé."

Ó wo ilẹ̀. Agbádá náà ṣàdédé fẹ̀ jù fún un.

"Èmi kọ́ ni mo gbá a," ló wí.

Báàjì ọrùn rẹ̀ kú láìdún. Akọ̀wé Dúródọlá fa àga kan, ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó sì mí kanlẹ̀. Ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, gbogbo àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn náà jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ọkùnrin kan wí láti ẹ̀yìn, láìsí ìbínú, "ẹ kúrò nídìí ìjókòó yẹn. Òdo kì í jókòó."

Láníhun bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì dúró. Wọ́n pe Sìdíkátù wọlé. Ó wo gbogbo wọn, ó wo ọkùnrin tó dúró sí ìdí ògiri. Ó bọ́ sílípáàsì rẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó gbé pádì. Pádì náà mọ ọwọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ewúrẹ́ ń wọlé bí ẹni pé wọ́n ti ń retí rẹ̀. Kò bẹ̀ wọ́n, kò jágbe mọ́ wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́fà kò pé tí ìkejìlá fi bọ́ sí òdìkejì, tó gbọn omi ara rẹ̀ dànù, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ koríko. Ògiri kọ ọ́ pé: ÌLETÒ YÓÒ WÀ. ALÁBÒÓJÚTÓ: LÁNÍHUN ADÉKÀNMBÍ.

Láníhun ń sunkún, kò sì bo ojú. Ó súré dé ìdí tábìlì akọ̀wé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Akọ̀wé," ló wí. Ó ti ń pè é ní ẹ. "Ẹ bá mi ṣí àkọsílẹ̀. Orúkọ ọmọ mi, Ìbíwùmí Láníhun. Ìlú tó ti ń wọlé nìkan. N ò bèèrè nǹkan mìíràn."

Dúródọlá tẹ̀ ẹ́. Ó kà á sínú ná, lẹ́yìn náà ó kà á síta.

"Ìbíwùmí Láníhun. Ìgbà tó wọlé gbẹ̀yìn, ọjọ́ kẹjọ oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ìbàdàn ni."

"Ọjọ́ tó kúrò nílé nìyẹn. Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

"Kò sí èyí tó tẹ̀ lé e, Bàbá. Láti ìgbà yẹn, orúkọ kan ṣoṣo ló ń wọ Ìletò, ní àràárọ̀. Orúkọ yín ni."

"Rárá," ni Láníhun wí. "Ẹ tún un wò. Ó ń tan fìtílà ilé rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ń rí i. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń rí i!"

Sìdíkátù, tó ti ń wá sílípáàsì rẹ̀ kejì lábẹ́ àga, gbé orí sókè.

"Fìtílà ilé etí odò? Èmi ni mo máa ń tàn án, Bàbá. Àmì méjì ló ń fi kún ipele orúkọ yín lójúmọ́."